Vanderbilt: Olówó tó la ọ̀nà mọ́tò tirẹ̀, tí koríko sì bò ó

Àwa tí a ń gbé ní Tchaourou mọ ohun tí ọ̀nà ń ṣe fún ìlú. Ojú irin tí àwọn Faransé là láti Kútọnu, tó gba Ṣábẹ kọjá, tó sì parí sí Parakou, inú ilẹ̀ wa ló gbà lọ. Títì ọlọ́dà náà gba ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń gbé èrò, ọjà máa ń tẹ̀lé e láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Lónìí, èrò kò wọ̀ ọ́ mọ́, koríko ti bo irin ní ibi púpọ̀, gbogbo ọjà sì ti bọ́ sórí títì.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí a gbọ́ nípa ọ̀nà kan ní Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn ọ̀nà àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n là fún mọ́tò nìkan, tí igbó sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, a ní kí a wádìí ẹni tó là á àti ohun tó pa á. Ọkùnrin náà ni William Kissam Vanderbilt Kejì, tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní Willie. Láti ọdún 1944 ló ti kú. Ìtàn rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ẹrù rẹ̀ gba ojú ọ̀nà lọ sọ́jà.

Ọmọ ilé ọlọ́kọ̀

Kí a tó sọ ti Willie, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti bàbá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé náà ti wá. Cornelius Vanderbilt ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1794 ni wọ́n bí i ní Staten Island, erékùṣù kan tó wà létí ìlú New York. Ilé wọn kì í ṣe ilé olówó. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan gbé èrò àti ẹrù oko sọdá sí New York. Láti orí ọkọ̀ kékeré yẹn ló ti bọ́ sórí ọkọ̀ ńlá oníná. Ọgbọ́n tó sì fi ń borí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù kò le: á já owó ọkọ̀ wálẹ̀ débi pé tálákà náà á lè wọ̀ ọ́, èrò á sì wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kúrò lórí omi, ó bọ́ sórí ojú irin. Nígbà tó kú ní 1877, wọ́n ka ohun tó fi sílẹ̀ sí nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1878, ni wọ́n bí Willie sí New York. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ọlá ni. Kò mọ ohun tí à ń pè ní kí èèyàn dúró de èrò létí omi, kí ó sì máa ka kọ́bọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Consuelo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fẹ́ ìjòyè ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1895. Ọdún yẹn kan náà ni bàbá àti ìyá wọn kọ ara wọn sílẹ̀.

Nígbà tí Willie pé ọmọ ọdún 10, ní 1888, ó wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí kò ní ẹṣin, tó jẹ́ pé ooru omi gbígbóná ló ń tì í, láti ìlú Beaulieu dé Monte Carlo. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ ẹ̀rọ wọ inú ọmọ náà, kò sì jáde mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi sí yunifásítì Harvard, kò parí rẹ̀. Ní 1899 ó fẹ́ Virginia Fair, ọmọ ọkùnrin kan tó di olówó nínú iṣẹ́ wíwa fàdákà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan. Orúkọ ara rẹ̀ gan-an ni Willie fún ọkùnrin náà. Ẹ fi ọmọ yìí sọ́kàn, a óò padà sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Eré, eruku àti ẹ̀mí

Ní ayé ìgbà náà, mọ́tò kò ì tíì pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olówó ló ń rà á, wọ́n sì ń fi ṣeré. Ọ̀nà tó wà kì í ṣe ti mọ́tò rárá: ọ̀nà ẹlẹ́ṣin ni, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹrù àwọn àgbẹ̀, eruku lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ lákòókò òjò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà oko wa láti kó kajú àti ẹ̀gẹ́ jáde mọ irú rẹ̀ dáadáa. Bí Willie bá gbé mọ́tò rẹ̀ kọjá, ẹṣin á ta, eruku á bo ilé, àwọn àgbẹ̀ á sì máa ṣépè. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni ọlọ́pàá mú un pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, tó sì san owó ìtanràn.

Kò torí èyí dẹ̀rìn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1904, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Ford wa mọ́tò kan lórí adágún omi tó ti di yìnyín, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 147 ní wákàtí kan. Ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn náà, Willie gbé Mercedes tirẹ̀ sórí iyanrìn etí òkun ní Florida, ó sì sá kìlómítà 148 ó lé díẹ̀. Ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ ju Ford lọ. Ẹ ṣì máa gbọ́ orúkọ Ford yìí, torí pé eré àwọn méjèèjì kò parí síbẹ̀.

Ọdún 1904 yẹn náà ni Willie dá ìdíje eré mọ́tò kan sílẹ̀ ní Long Island, erékùṣù gígùn kan tó wà ní ìlà oòrùn New York, ó sì fi ife fàdákà ńlá kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá borí. Láti Faransé, Jámánì àti Ítálì ni àwọn awakọ̀ ti wá. Ọ̀nà tí wọ́n sá eré náà, ọ̀nà tí àwọn ará abúlé ń gbà lọ sóko ni. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀ ọ́, wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n wọn kò rí i dá dúró. Mẹkáníìkì kan kú lọ́jọ́ náà. Ní 1906, èrò ìwòran tú sójú ọ̀nà débi pé mọ́tò ń gba àárín èèyàn kọjá, ó sì pa ọ̀kan nínú wọn. Ní 1907, ìdíje náà kò wáyé.

Ọ̀nà tí ẹṣin kò gbọdọ̀ tẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Willie ti ro èrò tó sọ ọ́ di ẹni ìtàn. Bí ẹṣin, àgbẹ̀ àti mọ́tò kò bá lè jọ gba ojú ọ̀nà kan, kí wọ́n la ọ̀nà fún mọ́tò lọ́tọ̀. Òun àti àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1906, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀nà náà ni Long Island Motor Parkway.

Ilẹ̀ rírà yìí kò rọrùn. Àwọn kan tà, àwọn kan yọ̀ǹda ilẹ̀ nítorí pé wọ́n rò pé ọ̀nà á mú kí ilẹ̀ tó kù níye lórí, àwọn kan sì fàáké kọ́rí. Níbi tí wọn kò ti rí ilẹ̀ rà, ńṣe ni ọ̀nà yí ibẹ̀ po. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi wọ́ kọ́rọkọ̀rọ bí ejò. Àwọn tó tà náà kò tà láìdá ọgbọ́n sí i. Ọ̀pọ̀ wọn rí i dájú pé wọ́n ṣe afárá fún wọn, kí àgbẹ̀ àti màlúù rẹ̀ lè rí ibi gbà kọjá láti apá kan oko sí apá kejì. Gbogbo afárá tó wà lórí ọ̀nà náà tó nǹkan bí 65. A fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní oko àti ẹran lẹ́bàá títì wa fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá bèèrè ibi ìkọjá kí wọ́n tó la ọ̀nà ló máa ń rí i.

Oṣù kẹfà 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ṣí abala àkọ́kọ́, tó tó nǹkan bí kìlómítà 16. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó gùn tó kìlómítà 72, láti Queens ní ẹ̀gbẹ́ New York títí dé adágún Ronkonkoma. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Kọnkéré tí wọ́n fi irin sí nínú ni wọ́n dà sílẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé erùpẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀nà Amẹ́ríkà. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí, wọ́n gbé etí rẹ̀ kan sókè kí mọ́tò má baà yọ dànù. Kò sí oríta kankan lórí rẹ̀, nítorí afárá ló ń gbé ọ̀nà kan kọjá lórí èkejì. Gbogbo ohun tí ẹ ń rí lórí àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ńláńlá ayé òde òní, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kọ́kọ́ fojú hàn.

Oníbodè Willie

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé láyé àwọn baba ńlá wa, oníbodè a máa jókòó sẹ́nu bodè ìlú, oníṣòwò tó bá fẹ́ wọlé á sì san owó ibodè. Willie náà ní àwọn oníbodè. Ó kọ́ ilé kéékèèké sẹ́nu ọ̀nà náà, iṣẹ́ ọ̀gá ayàwòrán ilé kan tó lókìkí gan-an, John Russell Pope, sì ni àwọn kan nínú wọn. Oníbodè àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ló ń gbé inú ilé náà. Tọ̀sán tòru, wọ́n ń jáde wá gba owó.

Dọ́là 2 ni owó ibodè nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Kí ẹ lè mọ bó ti wọ́n tó, ní 1914, nígbà tí Henry Ford kéde pé òun máa san dọ́là 5 lójúmọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ òun, ńṣe ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pariwo pé owó náà ti pọ̀ jù. Ẹ wá ro ẹni tó ń gba owó tí kò tó ìyẹn lóòjọ́, kí ó sì san dọ́là 2 láti gba ojú ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe àwọn bẹ́ẹ̀ ni Willie ń retí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń retí.

Oṣù tí ọ̀nà náà ṣí gan-an, oṣù kẹwàá 1908, ni Ford gbé mọ́tò tuntun kan jáde tó pè ní Model T. Dọ́là 850 ni. Ọdọọdún ni Ford ń wá bí owó rẹ̀ ṣe máa wálẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ní àárín ọdún 1920 sí 1930, kò tó dọ́là 300 mọ́. Àgbẹ̀ rà á, olùkọ́ rà á, alápatà rà á. Àwọn tó ń ṣépè fún mọ́tò ní 1904 ti ń wa mọ́tò fúnra wọn. Wọ́n ń fẹ́ ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ọ̀nà oníbodè.

Ní ti ìdíje, wọ́n gbé e sórí ọ̀nà tuntun náà ní 1908, àmọ́ apá kan nínú eré náà ṣì gba ọ̀nà ará ìlú. Ní 1910, àwọn èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Láti ọdún náà, wọn kò sá irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ọ̀nà náà. Owó ibodè nìkan ló kù tí ọ̀nà náà fi ń jẹun.

Bí ọ̀nà náà ṣe kú

Willie já owó ibodè wálẹ̀ sí dọ́là kan àbọ̀ ní 1912, ó tún já a sí dọ́là kan ní 1917. Nígbà tí ó fi máa di 1938, ogójì sẹ́ǹtì péré ni. Ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ni òun wá ń fi parí, ọjọ́ sì ti lọ.

Láti 1924, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Moses ti di alága àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Long Island. Moses bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ìjọba fún àwọn tó ní mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn 1930, ó la èyí tí wọ́n ń pè ní Northern State Parkway, tó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀nà Willie wà. Ó fẹ̀ ju ti Willie lọ, kò wọ́ bíi tirẹ̀, kò sì sí oníbodè lẹ́nu rẹ̀. Ta ló máa fi ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lọ sanwó lórí ọ̀nà tóóró? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ibi tó bá sì dẹrùn ni oníṣòwò ń gbà.

Owó orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Willie jẹ ìjọba ń gorí ara wọn. Ní ọjọ́ àìkú Àjíǹde, ọdún 1938, wọ́n ti ọ̀nà náà pa, ilẹ̀ rẹ̀ sì di ti ìjọba dípò gbèsè. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló lò. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà bàjẹ́ ló fi kú. Àwọn tó yẹ kó gbà á pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni wọ́n là á fún.

Ọmọ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn

Ní gbogbo àkókò yìí, ọkàn Willie ti kúrò lórí mọ́tò díẹ̀díẹ̀, ó ti lọ sórí òkun. Ó ra ọkọ̀ ojú omi ńlá, ó yí ayé po, ó ń kó ẹja àti oríṣiríṣi ẹ̀dá inú omi jọ, ó sì kọ́ ilé fún wọn nínú ọgbà rẹ̀ ní Centerport ní Long Island. Òun àti Virginia ti pínyà tipẹ́. Ní 1927 wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ nílé ẹjọ́, ó sì fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Ní oṣù kọkànlá 1933, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, William Kẹta, ń bọ̀ láti Florida, ó ń lọ sí New York pẹ̀lú mọ́tò. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà ní South Carolina. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé 30 ọdún ni. Bàbá tó lo ìgbà èwe rẹ̀ lórí eré mọ́tò, tó ná owó rẹpẹtẹ kí mọ́tò lè ní ọ̀nà tí kò léwu, ojú ọ̀nà ni ikú ti mú àrólé rẹ̀ lọ. Ó kọ́ ilé mìíràn mọ́ ilé rẹ̀ ní ìrántí ọmọ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹran ìgbẹ́ tí ọmọ yẹn pa ní Áfíríkà síbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Willie kú ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1944, ní ẹni ọdún 65. Ó fi ilé àti ọgbà Centerport sílẹ̀ fún ará ìlú, wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1950. Staten Island ni wọ́n sin ín sí, ní ibojì ìdílé wọn, lórí erékùṣù kan náà tí Cornelius ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ojú irin tí Cornelius fi sílẹ̀ fún wọn náà kò pẹ́ mọ́. Mọ́tò gba èrò àti ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1968 wọ́n da ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ òmíràn, ní 1970 ó wọ gbèsè tí kò lè san. Ọmọ ilé ojú irin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà fún ohun tó pa ojú irin. Yorùbá ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.

Ohun tó kù fún àwa náà

Ọ̀nà Willie kò parẹ́ tán. Abala kan ní Queens, tó tó kìlómítà mẹ́rin, ti di ọ̀nà àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ láti ọdún 1938 yẹn. Ọ̀fẹ́ ni. Ní apá ìlà oòrùn, mọ́tò ṣì ń gba abala mìíràn, orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ṣì ń jẹ́. Èyí tó kù wà lábẹ́ igbó, lábẹ́ ilé àti lábẹ́ wáyà iná. Àwọn tó ń wá ìtàn rẹ̀ ń tọ òpó kọnkéré inú igbó, wọ́n ń wá afárá tí ọ̀nà kankan kò gbà mọ́, wọ́n ń tú ìwé ilẹ̀ àti àwòrán àtijọ́ wò. Ilé oníbodè kan tó wà ní Garden City, wọ́n gbé e kúrò ní àyè rẹ̀ ní 1989 kó má baà wó, àwọn oníṣòwò ìlú náà sì ń fi ṣe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wọn.

Èyí ló mú kí a rò pé ọ̀rọ̀ náà kan Tchaourou. Àwa náà ní ojú irin tí koríko ń bò, a ní àwọn ọ̀nà oko tí ẹlẹ́rù ń gbà kí títì tó dé. Àwọn àgbà tó mọ ibi tí wọ́n gbà, tó mọ ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un, ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan tó máa kó ìyẹn jọ fún wa bí àwa fúnra wa kò bá bèèrè. Ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ bá bàbá àti ìyá àgbà nínú ilé, kí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ gbà á sílẹ̀. Bí ìwé ilẹ̀ bá wà, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Bí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ kan bá sì tún gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà tuntun wá, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ jí ojú irin padà, ẹ jẹ́ kí a rántí Willie. Ìbéèrè tí kò bi ara rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ bi wọ́n: ìyá tó ń ta iṣu àti ọmọ tó ń gun zémidjan, ṣé agbára wọn á ká a láti gbà á? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí a tún bi wọ́n ibi tí màlúù àti àgbẹ̀ máa gbà kọjá. Àwọn àgbẹ̀ Long Island bèèrè tiwọn ní nǹkan bí 120 ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì rí i gbà.